Purotéènì tó ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé "Ó tó gẹ́ẹ́"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Èbúté-Mẹ́ta ni mò ń gbé. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ẹ̀jẹ̀ mi ru gan-an ní oṣù keje, ojú àti ọwọ́ mi wú, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí. Dókítà tó tọ́jú mi sọ nígbà náà pé ibi ọmọ ló ń tú purotéènì kan tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ sínú ara mi. Mo tún ti lóyún, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Akoka wá sọ fún mi pé purotéènì yẹn gan-an, ọlẹ̀ náà ń lò ó, pé bí kò bá sí i, ọmọ kò ní lè dàgbà nínú. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Kí ni ohun tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ń wá lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá? Ṣé kò sí oògùn tí wọ́n lè fi pa á rẹ́? Ìyá kan ní ọjà Oyingbo ní kí n máa fún omi ewé ugu, kí n bu mílíìkì sí i, kí n máa mu ún kí iṣan ẹ̀jẹ̀ mi lè là. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Ìyá Ìbùkún

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbùkún, ẹ kú ewu èyí tó kọjá, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ èyí tó ń bọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Dókítà yín kò parọ́, àbúrò yín náà kò parọ́. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ibi tí oníkálùkù dúró sí tó fi ń wò ó ló yàtọ̀. Bí ọlẹ̀ ṣe ń di ọmọ ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ẹ ó fara dà á fún mi bí mo bá kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ àbúrò yín kí n tó padà sọ́dọ̀ yín.

Ẹyin adìyẹ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Kì í ṣe ẹyin inú kíréètì tí ẹ ń rà lọ́jà o, ìyá ìyẹn kò rí àkùkọ rí. Ẹyin tó lè pa ni mo ń wí, tó ti lo bí ọjọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀rọ tó ń bá wa sàba. A ó pa iná yàrá, a ó gbé iná fóònù sí ìdí ẹyin náà. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀, ẹ kò ní tètè gbàgbé: àwọn iṣan pupa tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, tí wọ́n ti ojú kan tó ń mì tìtì tàn ká gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ojú kan tó ń mì yẹn ni ọkàn. Ọmọ adìyẹ náà kò tíì ní ìyẹ́, kò tíì ní àgógó, ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Tiwa náà kì í pẹ́: ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, ọkàn ọlẹ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó wà nínú yín lónìí ti ń lù láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń bi mí pé, "Kí ló mú àwọn iṣan yìí hù?" Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó máa bi mí pé kí ló dé tí wọn kò hù kún gbogbo ibẹ̀. Ẹ tún ẹyin náà wò dáadáa. Àlàfo wà láàárín iṣan kan àti èkejì. Wọn kò gun ara wọn, wọn kò lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Èyí tó tóbi mọ ipò rẹ̀, èyí tó kéré mọ tirẹ̀. Ẹni tó dá àwọn àlàfo yẹn sí ni ìbéèrè yín ń wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ti iṣan síwájú. Purotéènì kan ni, VEGF ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà mẹ́rin náà ni kí ẹ kà bẹ́ẹ̀, àwa náà kò ní orúkọ mìíràn fún un. Bí ibì kan nínú ara ọlẹ̀ bá ń dàgbà tí ọ́síjìn tó ń dé ibẹ̀ kò tó, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á tú VEGF jáde. Igbe tí wọ́n ń ké sí ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1989. Nígbà tó di 1996, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì dán ohun kan wò lára eku. Jíìnì, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, méjì ló yẹ kí eku ní fún VEGF, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹyọ kan péré ni wọ́n bà jẹ́. Síbẹ̀ àwọn ọlẹ̀ náà kú sínú ìyá wọn ní nǹkan bí ọjọ́ 11 sí 12, oyún eku kì í sì í ju bí ogún ọjọ́ lọ. Ìdajì kò tó wọn gbé.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé, tí ìdajì kò bá tó, kí á kúkú bù ú kún dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ ní etí méjì tó fi ń gbọ́ igbe VEGF. Ọ̀kan ń jẹ́ Flk-1, èkejì ń jẹ́ Flt-1. Ní 1995, wọ́n yọ Flk-1 kúrò lára eku, kò sì sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan tó dá. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, adití kì í gbọ́ igbe. Lọ́dún yẹn kan náà, Guo-Hua Fong àti Janet Rossant pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kánádà yọ etí kejì, Flt-1. Òdì kejì pátápátá ni wọ́n bá pàdé. Sẹ́ẹ̀lì iṣan pọ̀ bí eṣú, wọ́n rọ́ jọ sínú àwọn iṣan tí kò ní orí tí kò ní ìdí, ọlẹ̀ náà sì kú. Àpọ̀jù ló pa á.

Báwo ni etí ṣe lè dín igbe kù? Ní Japan, ní 1998, àwọn tó ń bá Masabumi Shibuya ṣiṣẹ́ wá ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn láti máa ròyìn, nítorí ó mọ́ tónítóní. Etí Flt-1 ní apá méjì: apá òde tó ń di VEGF mú, àti apá inú tó ń ránṣẹ́ lọ sínú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gé apá inú sọnù, wọ́n fi apá òde sílẹ̀. Wọ́n bí àwọn eku náà, wọ́n dàgbà, ara wọn dá ṣáṣá. Ìyẹn ni pé nínú ọlẹ̀, Flt-1 kò fi bẹ́ẹ̀ nílò láti sọ̀rọ̀ rárá. Kó ṣáà di VEGF mú ni, kí èyí tó máa dé etí kejì lè dín kù. Ọwọ́ rẹ̀ sì le: ó ń di VEGF mú ju bí Flk-1 ṣe ń dì í mú lọ fíìfíì.

Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà tí kò tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kankan. Apá òde nìkan ni, sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é tán, ó sì ń jù ú síta kó máa léfòó nínú omi ara. Kendall àti Thomas ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1993, sFlt-1 ni wọ́n ń pè é. Òun ni dókítà yín dárúkọ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ronú sí ọkọ̀ tòmátì tó ń ti òkè Ọya bọ̀ wá sí Mile 12. Tí àwọn alájàpá kan bá lọ dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń ra apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ọjà, èyí tó máa dé orí àtẹ á kéré. Wọn kò ba tòmátì jẹ́, wọn kò bá ọlọ́jà jà. Wọ́n kàn gbà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni. Bí sFlt-1 ṣe ń ṣe sí VEGF nìyẹn.

Nínú ọlẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti gbà á sílẹ̀ ló ń sọ ibi tí iṣan máa gbà. Nígbà tí iṣan kan bá fẹ́ yọ ẹ̀ka, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ka náà á tú sFlt-1 jáde, wọ́n á gbá VEGF ọ̀tún àti ti òsì mọ́. VEGF tó ṣẹ́ kù á wà ní ọ̀kánkán níwájú, ẹ̀ka á sì dojú kọ ọ̀hún, á kúrò lára ìyá rẹ̀ láìyí padà lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá mú sFlt-1 kúrò, ẹ̀ka náà á máa rìn gbéregbère. Nítorí náà, Ìyá Ìbùkún, nígbà tí ẹ bi mí pé kí ni ohun tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ń wá lára ọmọ, òun ló ń la ọ̀nà fún un.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ Dll4, tó ń fi ọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Notch lára sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá fẹ́ gun àkàbà kan láti kan páànù, ẹnì kan ló ń gùn ún, àwọn yòókù á di àkàbà mú. Bí gbogbo wọn bá gùn ún pa pọ̀, gbogbo wọn ni á balẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ gbọ́ igbe VEGF jù lọ ló máa ṣíwájú ẹ̀ka, kíá ló máa gbé Dll4 jáde, tó máa fi sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti wà lókè, ẹ di ìsàlẹ̀ mú." Àwọn yẹn á sì dín gbígbọ́ VEGF kù, wọ́n á di ògiri iṣan. Jíìnì Dll4 wà lára àwọn tí ẹyọ kan péré tó bà jẹ́ lè pa ọlẹ̀ eku, bíi ti VEGF. Wọn kò pọ̀ o, àwọn jíìnì tí ara kò lè fara da ìdajì wọn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù, torí ó kan ọ̀rọ̀ ìyá Oyingbo yẹn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ dí Dll4 lọ́wọ́ lára eku tó ní jẹjẹrẹ. Bí ẹ ṣe máa rò ó náà ló rí: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú jẹjẹrẹ náà di púpọ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó kù: jẹjẹrẹ náà kò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Àwọn iṣan tó pọ̀ yẹn kò já síra wọn, ẹ̀jẹ̀ kò gba inú wọn kọjá dáadáa, ebi ọ́síjìn sì pa jẹjẹrẹ náà láàárín ọ̀pọ̀ iṣan. Ẹ la òpópónà ogún láti Ojúẹlẹ́gba kí ọ̀kankan má já sí Yaba, ẹ wò ó bóyá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ máa dín kù. Iṣan púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ohun báyìí máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ "là", kódà ká ní òótọ́ ni, kò tíì sọ ohun tó dára fún yín.

Purotéènì kẹta, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ara ọlẹ̀, àwọn ìdìpọ̀ kéékèèké kan tò lọ ní méjì-méjì bí ilé àdúgbò tuntun. Ibẹ̀ ni egungun ẹ̀yìn àti ẹran ẹ̀yìn ti máa jáde. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá bí òpópónà ṣe ń gba àárín ilé ní Sùúrùlérè, kì í wọlé onílé. Ohun tó ń dá a dúró ni purotéènì Sema3E tí àwọn ìdìpọ̀ náà ń tú jáde, tí iṣan sì ń fi plexin-D1 ara rẹ̀ mọ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì kúrò lára eku, iṣan á wọ inú ilé onílé. Irú rẹ̀ wà lára ẹja kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń lò, tí plexin-D1 rẹ̀ bà jẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún ẹja náà túmọ̀ sí "ó kọjá ààlà". Àwọn tó ń sọ ẹja lórúkọ nínú iṣẹ́ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àwọn ibì kan tilẹ̀ wà lára tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dé rárá, títí ènìyàn fi máa dàgbà. Ẹ lọ sí iwájú dígí, ẹ wo ojú ara yín. Awọ tó mọ́ gaara tó bo dúdú ojú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Bó bá ní, ńṣe ni ẹ óò máa ti ẹ̀yìn aṣọ pupa wo ayé. Ní 2006, Jayakrishna Ambati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sFlt-1 yìí kan náà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Awọ náà kún fún un. Bí VEGF ṣe ń dé ló ń dì í mú. Wọ́n mú un kúrò lójú eku, iṣan sì hù sínú awọ náà.

Wọ́n wá wá ẹranko tí awọ ojú rẹ̀ máa ń ní iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n mọ̀: manatee, ẹranko ńlá inú omi tó ń jẹ koríko bíi màlúù, tí irú tirẹ̀ wà lẹ́bàá òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí náà. Wọ́n yẹ ojú manatee tí Florida wò. Kò sí sFlt-1 níbẹ̀. Wọ́n yẹ ti erin wò, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n yẹ ti àbùùbùtán inú òkun wò: sFlt-1 wà níbẹ̀, awọ ojú wọn sì mọ́. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwádìí láyé mi, èyí ni mo máa ń rántí bí mo bá wà nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland tí mò ń wo àwọn apẹja lórí ọ̀sà.

Ó tún kù díẹ̀ lórí ojú. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, iṣan kan máa ń gba àárín ẹyinjú kọjá láti bọ́ ibi tó ń dá lọ́wọ́. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bí ọmọ, iṣan náà á gbẹ, á pòórá, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè. Eku tí kò ní purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn 18, iṣan yẹn kì í lọ ní àsìkò lójú rẹ̀. Kọ́lájìn 18 yìí, bí wọ́n bá gé ìdí rẹ̀, ó di endostatin, èyí tí Judah Folkman àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ròyìn ní 1997 pé ó ń dá iṣan jẹjẹrẹ dúró. Nítorí náà, kì í ṣe kí iṣan má hù nìkan ni ọlẹ̀ ń ṣètò fún. Ó tún ń wó èyí tó ti kọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ yín.

Ibi ọmọ náà ń ṣe sFlt-1, nínú oyún tó dára gan-an pàápàá. Àárín ìyá àti ọmọ ni ibi ọmọ wà, VEGF ń jáde níbẹ̀ gan-an, ó sì yẹ kí ẹnì kan máa gbà á sílẹ̀ kó má baà dà wọ ara ìyá láìní ìwọ̀n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, tí wọ́n ń pè ní preeclampsia, ni pé ìwọ̀n náà fò sókè. Bí púpọ̀ nínú wa ṣe gbà pé ó ń lọ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ yẹ kí wọ́n wọ inú àwọn iṣan ilé ọmọ, kí wọ́n fẹ̀ wọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá lè máa ṣàn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí fífẹ̀ yẹn kò bá yanjú, ọ́síjìn ibi ọmọ á dín kù, ibi ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sFlt-1 jáde lọ́pọ̀ yanturu sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá.

Ìyá ti dàgbà, kò hu iṣan tuntun lójoojúmọ́, kí ló wá kàn án pẹ̀lú VEGF? Ó kàn án púpọ̀. VEGF díẹ̀díẹ̀ ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà rọ̀, kó máa ṣí kó máa pa dé, òun ló sì ń tọ́jú asẹ́ inú kíndìnrín. Bí sFlt-1 bá gbà á tán, iṣan á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru. Asẹ́ kíndìnrín á jò, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí kílíníìkì. Ní 2003, Ananth Karumanchi, Sharon Maynard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi sFlt-1 sí ara eku tó lóyún. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru, purotéènì wọ ìtọ̀ wọn, kíndìnrín wọn sì bà jẹ́ bí tàwọn aboyún gẹ́ẹ́. Ẹ̀rí mìíràn wà tí ẹ kò ní retí. Oògùn jẹjẹrẹ kan wà, bevacizumab, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di VEGF mú. Láàárín àwọn tó ń gbà á, ẹ̀jẹ̀ ríru àti purotéènì nínú ìtọ̀ wọ́pọ̀, títí kan àwọn ọkùnrin tí kò lóyún rí láyé wọn.

Jíìnì Flt-1 wà lórí kírómósóòmù 13, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn aboyún tí ọlẹ̀ inú wọn ní kírómósóòmù 13 mẹ́ta dípò méjì máa ń ní irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ, kì í ṣe ibi tó rìn sí lálẹ́, kì í ṣe orogún. Mo sọ èyí torí mo mọ ohun tí àwọn ẹbí kan máa ń sọ fún obìnrin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ọmọ jáde lóṣù keje.

Ẹ bèèrè bóyá oògùn wà tí wọ́n lè fi pa á rẹ́. Ẹ ti rí ìdí tí kò fi rọrùn: a kò fẹ́ kó tán, ọmọ ń lò ó, ojú yín pàápàá ń lò ó. Ohun tá a fẹ́ ni kó padà sí ìwọ̀n. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ sẹ́ lára rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún alárùn kíndìnrín. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí, kò tíì di ìtọ́jú tí ẹ lè bèèrè fún. Tí ibi ọmọ bá ti jáde, sFlt-1 á já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi tètè gbé Ìbùkún jáde nìyẹn.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún yín, àsìkò rẹ̀ nìyí, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ wà. Ẹ má dúró kí ikùn yọ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Kó má pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹ wá ilé ìwòsàn tó ní dókítà aboyún, ẹ mú káàdì oyún àkọ́kọ́ dání, ẹ sọ gbogbo bó ṣe lọ, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ bèèrè nípa asipirín kékeré. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2017 lo míligíráàmù 150 lálaalẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 títí di ọ̀sẹ̀ 36, fún àwọn tí ewu tiwọn pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí wọ́n bímọ ṣáájú ọjọ́ dín kù ju ìdajì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí irú yín lò ó, míligíráàmù 75 ni wọ́n dárúkọ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ 16 ló dára jù. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín, torí àwọn tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ẹ má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kẹ́místì kí ẹ ní kí ó fún yín ní asipirín. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀fọ́rí lè pọ̀ jù fún yín ní ìlọ́po. Ẹ tún bèèrè nípa káṣíọ̀mù (calcium), ó wúlò fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní in tó.

Àyẹ̀wò kan ti wà tó ń wọn sFlt-1 mọ́ ìbátan VEGF kan tí ibi ọmọ ń ṣe, PlGF. Ó máa ń yí padà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí àmì àìsàn tó yọ. Wọ́n á fi iye PlGF pín iye sFlt-1; bí èsì rẹ̀ kò bá ju 38 lọ, ọkàn dókítà á balẹ̀ pé àìsàn náà kò ní bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní i, ó dára. Bí wọn kò bá ní i, ẹ má jẹ́ kó dùn yín: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò, bí ẹ bá ń lọ déédéé, ló ti gba ọ̀pọ̀ ìyá là kí wọ́n tó mọ ohun tó ń jẹ́ sFlt-1.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí orí bá ń fọ́ yín tí parasitámọ́ò kò ràn án, bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí ó ń rí bíi mànàmáná, bí inú bá ń dùn yín lókè lábẹ́ egungun ìhà, tàbí tí ojú àti ọwọ́ ṣàdédé wú, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ má dúró de bàbá Ìbùkún kó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ lọ lóru bó bá jẹ́ òru ni. Magnéṣíọ̀mù súlífétì wà fún gìrì aboyún. Ìwádìí tí wọ́n parí ní 2002, tí àwọn obìnrin Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ó ń dín gìrì náà kù ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn nìkan ló ti ṣeé gbà. Kì í ṣe dandan kí àìsàn oyún àkọ́kọ́ yẹn padà wá o. Ó kàn jẹ́ pé ó ṣeé ṣe lára yín ju ẹni tí kò ṣe rí lọ, ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣọ́nà.

Ní ti ugu àti mílíìkì: ewé ugu ní irin (iron) nínú tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré á jàǹfààní rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kíkéré àti sFlt-1 tó pọ̀ kì í ṣe àìsàn kan náà, ugu kò sì mọ̀nà ibi ọmọ. Ẹ má fún un ní tútù, torí omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lọ́jà kò dá mi lójú. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀, ẹ fi ẹja sí i, ẹ bu díẹ̀ fún Ìbùkún náà.